Ègé Méjìlá Ohùn Bàbá

Kọ́tìnì ni obìnrin náà ń rán, ó sì tún ń rán ìbòrí àga fún ẹni tó bá fẹ́. Yàrá iwájú ilé wọn ló sọ di ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀rọ ìránṣọ méjì ló wà níbẹ̀, àti tábìlì gígùn kan tó fi ń gé aṣọ, àti okùn tí wọ́n ta láti ògiri dé ògiri tí kọ́tìnì àwọn oníbàárà máa ń rọ̀ sí, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá wọlé á kọ́kọ́ fi orí wọ́ aṣọ kọjá kó tó rí ojú onílé. Gbogbo àdúgbò ló gbà pé iṣẹ́ rẹ̀ dára. Wọ́n sì gbà pé kò sí ẹni tó mọ bí a ti ń yínmú sí ènìyàn tó o. Bí oníbàárà bá gbé aṣọ tí kò ní láárí wá, kò ní sọ̀rọ̀. Á fi ìka méjì gbé etí aṣọ náà sókè bí ẹni tó gbé ìrù eku, á pòṣé, á ní, "Ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀." Òṣé yẹn nìkan ti tó láti lé èèyàn padà sọ́jà kó lọ ra òmíràn.

Ṣùgbọ́n ẹni tí òṣé yìí ń bà jù lọ ni ọkọ rẹ̀.

Ọkọ náà wà ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń tún fóònù àti kọ̀ǹpútà ṣe. Bí wọ́n bá bi í pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe, á ní ẹ̀ńjíníà lòun. Bí wọ́n bá bi ìyàwó rẹ̀, á ní, "Ó ń jókòó." Ẹ-Fi-Lé-Mi-Lọ́wọ́ ni àwọn ará àdúgbò ń pè é, nítorí kò sí ohun tó bà jẹ́ lójú rẹ̀ tí kò ní sọ bẹ́ẹ̀ sí. Fáànù yàrá dákẹ́, ó ní kí wọ́n fi lé òun lọ́wọ́. Ó tú u palẹ̀, fáànù náà sì wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù láti ìgbà náà, ní ìhòòhò, bí adìyẹ tí wọ́n ti hú ìyẹ́ rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn há, ó tún ní kí wọ́n fi lé òun lọ́wọ́. Àga ni wọ́n wá ń fi ti ilẹ̀kùn náà. Aago ògiri wọn máa ń fi ìṣẹ́jú díẹ̀ pẹ́ tẹ́lẹ̀. Nígbà tó bọ́ sí i lọ́wọ́, kò pẹ́ mọ́, ó kú.

Ohun kan ṣoṣo ni ìyàwó kò rí ẹnu fi gàn án lé lórí: kọ̀ǹpútà. Kì í ṣe pé ó gbà pé ọkọ òun mọ̀ ọ́n. Òun gan-an ni kò mọ̀ ọ́n, kò sì rọrùn láti gan ohun tí èèyàn kò mọ̀. Ọkọ rẹ̀ sì rí ibẹ̀ jókòó sí. Tó bá ti dé ìdí lápútọ́pù rẹ̀, kì í fi máòsì tẹ nǹkan bí ẹlòmíràn. Á ṣí ojú dúdú kan tí lẹ́tà funfun ń sáré lórí rẹ̀, á máa tẹ bọ́tìnì gbì-gbì-gbì bí ẹni ń gún nǹkan lódó, á ní, "Máòsì, ti àwọn akọ̀wé ni. Ọkùnrin gidi, ẹnu ló fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀."

"Ó ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀," ìyàwó á dá sọ nídìí ẹ̀rọ rẹ̀. "Kò rí ilẹ̀kùn bá sọ̀rọ̀ kó tì."

Bàbá obìnrin náà ń gbé lọ́dọ̀ wọn, nínú yàrá ẹ̀yìn. Awakọ̀ ọkọ̀ ẹrù ni nígbà tó lágbára. Ìyàwó rẹ̀ ti kú tipẹ́, ojú rẹ̀ sì ti ń ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ṣì mú bí abẹ. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ gan-an ni ọmọ rẹ̀ ti kọ́ bí a ti ń pòṣé.

Àbíkẹ́yìn bàbá náà, tíṣà ni ní ìlú kan tó jìnnà. Nígbà tó wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ wọn, ó máa ń gbé fóònù síwájú bàbá lọ́sàn-án, á ní kó máa sọ ìtàn ayé rẹ̀, fóònù á sì máa gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Bàbá kọ́kọ́ yarí. Ó ní ta ni ó fẹ́ gbọ́ ìtàn awakọ̀. Nígbà tó wá bẹ̀rẹ̀, kò ṣeé dá dúró. Nígbà tí tíṣà padà síbi iṣẹ́, ó so gbogbo ohùn náà pọ̀ di fáìlì gbọọrọ kan, ó fẹ́ fi ránṣẹ́ sílé lórí fóònù, fóònù kọ̀, ó ní ó tóbi jù. Ló bá fi kọ̀ǹpútà gé e bí ẹni gé iṣu, ó di ègé méjìlá, gbogbo rẹ̀ dọ́gba àfi èyí tó kẹ́yìn. Ọ̀bẹ kọ̀ǹpútà kì í dúró de kí èèyàn mí. Ibi tí ìwọ̀n bá ti pé ló ti ń gé e, ìbáà jẹ́ àárín gbólóhùn. Ó pe ègé kìíní ní baba1, ó pe èkejì ní baba2, títí dé baba12, ó sì fi wọ́n ránṣẹ́ sórí fóònù ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, nítorí fóònù ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò ní àyè. Ó kọ ọ̀rọ̀ tẹ̀lé e, ó ṣàlàyé bí wọn ó ṣe tò wọ́n pọ̀ padà.

Ọgọ́rin ọdún bàbá kù sí dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ti fẹnu kò pé àwọn yóò fi ohùn rẹ̀ sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn ní pálọ̀ lọ́jọ́ náà kí gbogbo ẹbí gbọ́ ọ. Ìyàwó wá lọ dúró lẹ́yìn ọkọ rẹ̀ nídìí lápútọ́pù, pẹ̀lú téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn.

"Ẹ ò ní í ka ohun tí àbúrò mi kọ ni?"

"Kí ni n ó kà níbẹ̀? Ọmọ tí mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń tan kọ̀ǹpútà."

"Ó ní kí ẹ ṣọ́ bí ẹ ṣe máa tò ó o."

"Fi lé mi lọ́wọ́." Ó ṣí ojú dúdú rẹ̀, ó tẹ ọ̀rọ̀ kúkúrú kan, ó fi àmì ìràwọ̀ sí ẹ̀yìn orúkọ baba. "Ṣé o rí ìràwọ̀ yìí? Ohun tó ń sọ ni pé, 'Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń jẹ́ baba, ẹ tò wá síbí.' Ènìyàn lásán á máa kọ orúkọ wọn níkọ̀ọ̀kan títí ilẹ̀ á fi ṣú." Ó tẹ bọ́tìnì tó kẹ́yìn, ó ta ìka rẹ̀ pà. "Ó parí."

Lóòótọ́, ó ti parí kí ìyàwó tó ṣẹ́jú. Ọkùnrin náà kò gbọ́ kí lohùn náà ń sọ, kò yẹ̀ ẹ́ wò. Ó dà á sórí fláàṣì, ó fi àwọn ègé sílẹ̀ lórí lápútọ́pù, ó sì pa àwọn tó wà lórí fóònù rẹ̀ rẹ́ kó lè rí àyè fi fídíò bọ́ọ̀lù sí.

Ọjọ́ pé. Pálọ̀ kún. Bàbá jókòó sórí àga ìrọ̀gbọ̀kú tí ọmọ rẹ̀ rán ìbòrí tuntun fún, àbúrò rẹ̀ obìnrin, arúgbó tó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ju oúnjẹ lọ, jókòó tì í. Ọ̀rẹ́ ọkọ, oní-ṣọ́ọ̀bù fóònù, ló gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn wá. Ẹ-Fi-Lé-Mi-Lọ́wọ́ dìde, ó wúkọ́, ó sọ̀rọ̀ gígùn nípa ìmọ̀ ẹ̀rọ àti bí kì í bá ṣe òun ni, ohùn bàbá ì bá ti ṣègbé. Lẹ́yìn náà ló ki fláàṣì bọ̀ ọ́.

Ohùn bàbá gba inú ilé kan. Ó ń sọ̀rọ̀ ìyá tó bí i lọ́mọ, obìnrin kan tí kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n mọ́ láyé àyàfi òun àti àbúrò rẹ̀. Ó sọ bí ìyá náà ṣe máa ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan orí òun láti mọ̀ bóyá ara òun gbóná, bí ó ṣe máa ń purọ́ pé òun ti jẹun yó kí oúnjẹ lè tó àwọn ọmọ. Àbúrò bàbá fi etí gèlè nu ojú. Ẹni tó ń jẹ nǹkan lẹ́nu dúró. Ohùn náà wá yí padà, ó di ti ẹni tó fẹ́ dápàárá: "Mo ti rí ọ̀lẹ láyé mi o. Mo ti rí èyí tó ń sùn lórí ẹrù. Mo ti rí èyí tó ní kí wọ́n bá òun yán. Ṣùgbọ́n ọ̀lẹ tó ga jù, ọ̀lẹ tó jẹ́ pé bí òjò ń pa á kò ní kúrò níbẹ̀, òun ni... ọkọ ọmọ mi obìnrin àgbà. Kò tiẹ̀ wọ bàtà."

Kò sí àlàfo níbẹ̀, kò sí ìkọ́sẹ̀. Ó dán mọ́rán bí ọ̀rọ̀ tí bàbá mí èémí kan sọ.

Gbogbo ojú lọ sára ọkọ ọmọ náà, láti orí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ dé ẹsẹ̀, bóyá ó wọ bàtà. Ohùn náà ń lọ ní tirẹ̀, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ dókítà àti bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, ohun tí kò kan ọmọdé tí ìyá rẹ̀ ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn lórí.

"Ẹ̀gbọ́n mi," àbúrò bàbá fi ohùn kékeré bi í, "ṣé ẹ sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́?"

Bàbá ronú díẹ̀. "N ò rántí pé mo sọ ọ́," ó ní. "Ṣùgbọ́n ohùn mi nìyẹn, mo sì mọ ọkùnrin náà."

Ilé wó lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Ìyàwó ló sì rín in jù. Ó yẹ kó bo ọkọ rẹ̀ láṣìírí níwájú ẹbí, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó rín in títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, omi ń dà lójú rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ gbá ilẹ̀ pé, "Kò tiẹ̀ wọ bàtà! Kò tiẹ̀ wọ bàtà!" Ọkọ rẹ̀ fa fláàṣì náà yọ, ó jù ú sápò, ó sì gba àárín wọn jáde. Ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló forí lé, ibẹ̀ ló sì ń sùn láti ọjọ́ náà, lórí bẹ́ǹṣì.

Tíṣà pè nígbà tó gbọ́. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó ṣàlàyé. "Àǹtí mi, kọ̀ǹpútà kì í to orúkọ bí èèyàn ṣe ń ka nọ́ńbà. Lẹ́tà lẹ́tà ló ń wò ó. Ó rí 1, ó rí i pé 10 àti 11 àti 12 náà fi 1 bẹ̀rẹ̀, ó ní ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, ó tò wọ́n tẹ̀lé e kó tó kan 2. Ègé kẹwàá ló lẹ̀ mọ́ ìdí ègé kìíní yẹn. Èmi náà jẹ̀bi díẹ̀, ó yẹ kí n pè wọ́n ní 01 àti 02. Ṣùgbọ́n mo kọ ọ́ gàdàgbà pé kí wọ́n má fi ìràwọ̀ tò ó."

"Ta lo kọ ọ́ sí? Ìwọ náà ń ka ẹni yẹn mọ́ àwọn tó ń kàwé?"

"Ẹ rọra, Àǹtí mi. Ẹ jẹ́ kí Bùọ̀dá tún un tò. Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ."

"Èmi fúnra mi ni màá tò ó," ó ní.

Lápútọ́pù ṣì wà nílé. Ó gbé e sórí tábìlì ìgéṣọ, ó ti àwọn ègé aṣọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó wá odindi tí ọkọ rẹ̀ tò jáde, ó sì pa á rẹ́, bí ẹni gbá ìdọ̀tí sóde. Lẹ́yìn náà ló gbé fóònù sí etí, ó ní kí àbúrò òun máa wí.

"Ẹ ṣí ojú dúdú yẹn. Ẹ kọ c, a, t."

"Ṣé ológbò ni?"

"Bí wọ́n ṣe ń pè é nìyẹn. Ẹ fi àyè sílẹ̀, ẹ kọ baba1. Ẹ tún fi àyè sílẹ̀, ẹ kọ baba2. Ẹ máa lọ bẹ́ẹ̀ títí dé baba12."

Ó ń fi ìka kan tẹ̀ ẹ́. Bí ó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni inú ń bí i, tí ẹ̀gàn sì ń ru sókè lọ́kàn rẹ̀. Ṣé èyí náà ni? Ṣé nǹkan tí ọkùnrin yẹn fi ń yan nínú ilé bí ẹni tó mọ awo nìyí, kí a to orúkọ tẹ̀léra bí ọmọ ilé ìwé? Ó pòṣé gígùn kan sínú fóònù.

"Mo ti kọ gbogbo rẹ̀. Kí ló kù?"

"Ẹ fi àmì kan sí i tó dà bí ẹnu ẹyẹ, èyí tó kọjú sí ọ̀tún. Orúkọ tí ẹ fẹ́ kí odindi náà máa jẹ́ ló máa tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, Àǹtí mi, ẹ má—"

"Ó tó, mo ti gbọ́. Ṣé ọmọdé ni mí ni?"

Ó fi ẹnu ẹyẹ sí i. Ó ro orúkọ tí odindi náà ó máa jẹ́. Ohun tó jẹ́ olórí wọn, ó ní, baba1 ni. Ó kọ baba1, ó tẹ bọ́tìnì. Ojú dúdú náà kọ ọ̀rọ̀ kan tí kò yé e, ó dákẹ́. Inú rẹ̀ dùn. Ó ṣí i kó gbọ́ ọ.

"...èmi fúnra mi," ni ohùn bàbá sọ, "kí n tó pàdé ìyá yín."

Ó wá yé e. Ọ̀lẹ tó ga jù láyé, bàbá fúnra rẹ̀ ni. Ó tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín, àfi bó ṣe rántí pé kò yẹ kó jẹ́ ibí ni ìtàn ti bẹ̀rẹ̀. Ó dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀. "...èmi fúnra mi." Ó tún dá a padà. Kò sí ìyá, kò sí ẹ̀yìn ọwọ́ lórí ọmọ.

"Àǹtí mi," àbúrò rẹ̀ rọra bi í, "orúkọ wo lẹ kọ sẹ́yìn ẹnu ẹyẹ?"

"Baba1."

"Yéè!"

Orúkọ tó bá wà lẹ́yìn ẹnu ẹyẹ, kọ̀ǹpútà á kọ́kọ́ gbọ́n inú rẹ̀ dànù kó tó da nǹkan tuntun sí i. Ohun tí tíṣà fẹ́ sọ tó fi gé e lẹ́nu nìyẹn. Ègé kìíní ti lọ. Lọ́dọ̀ tíṣà ńkọ́? Fóònù tó fi gba ohùn náà ti já sómi, ó sì ti nu ti orí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kúrò nítorí àyè. Ó ní òun rò pé ó ti dé ọwọ́ àgbà, kò sí ewu mọ́.

"Ọwọ́ àgbà," obìnrin náà tún un sọ. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Kò pòṣé.

Ó lọ bá bàbá ní yàrá ẹ̀yìn, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó tún ìtàn ìyá rẹ̀ sọ.

"Mo ti sọ ọ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ tún un sọ fún mi."

Bàbá kọjú sí ògiri. "Wọ́n bí mi. Ìyá mi tọ́ mi. Ó kú. Kí lo tún fẹ́ gbọ́?"

Ó jókòó tì í títí, ó bi í ní ti ẹ̀yìn ọwọ́, ó bi í ní ti irọ́ oúnjẹ. Bàbá ní bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, ó rí bẹ́ẹ̀, kí ó jẹ́ kí òun sùn. Ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, kò sí i lẹ́nu mọ́.

Ibì kan ṣoṣo ni ègé kìíní ṣì wà láyé: lórí fláàṣì tó wà lápò ọkọ rẹ̀, nínú odindi tó dà rú. Obìnrin náà wẹ̀, ó wé gèlè, ó gbé lápútọ́pù há abíyá, ó sì lọ sí ṣọ́ọ̀bù fóònù.

Ṣọ́ọ̀bù tóóró ni, àpótí díńgí kan wà níwájú rẹ̀ tí òkú fóònù kún inú rẹ̀. Oní-ṣọ́ọ̀bù ń jó wáyà. Ọkọ rẹ̀ nà sórí bẹ́ǹṣì, ó gbé ẹsẹ̀ lé ara wọn, ó ń ṣiṣẹ́ tó mọ̀ jù.

"Ọkọ mi, ẹ káàsán."

Oní-ṣọ́ọ̀bù ju irin ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Kò gbọ́ ọ rí kí obìnrin náà pe ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀.

"Ta ni ọkọ rẹ?" ọkùnrin náà dáhùn láìdìde. "Ṣé ọ̀lẹ lo wá wò?"

"Fláàṣì ọjọ́sí ni mo wá gbà."

"Fún kí ni? Ṣé ẹ ò tíì rẹ́rìn-ín yó ni?"

Kò sí ọ̀nà míì, ó sọ gbogbo rẹ̀. Bí ó ṣe ń sọ ọ́ ni ọkọ rẹ̀ ń dìde díẹ̀díẹ̀, tí ẹ̀rín sì ń tàn lójú rẹ̀ bí epo lórí omi. Ó ní kó tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ kí ọ̀rẹ́ òun lè gbọ́ dáadáa.

"Ìwọ fúnra rẹ lo pa á rẹ́?"

"Èmi ni."

"Kì í ṣe èmi?"

"Kì í ṣe ẹ̀yin."

Ó na ọwọ́ gba lápútọ́pù. Ó sọ gbólóhùn tí gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n mọ́, obìnrin náà sì wo ilẹ̀, nítorí ó sàn fún un kó gbé abẹ́rẹ́ mì ju kó gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà.

"Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ná," ó ní.

"Ta ló ń kọ́ ta?"

"Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ná!"

Ó ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ àlàyé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló sì ń ṣe é fún, bí ẹni pé obìnrin náà ò sí níbẹ̀. "Nínú fáìlì tí mo tò—"

"Tí ẹ dà rú."

"Nínú fáìlì tí mo tò, ègé kìíní ló wà lókè pátápátá. Ìwọ̀n rẹ̀ kan náà ni pẹ̀lú baba2, baba2 sì rèé. Màá sọ fún kọ̀ǹpútà pé kó bu ìwọ̀n yẹn láti orí, kó dúró níbẹ̀, kó má fọwọ́ kan ìyókù."

Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Obìnrin náà fi etí sí i: ìyá, ẹ̀yìn ọwọ́, irọ́ oúnjẹ, ọ̀lẹ tó ń sùn lórí ẹrù, títí dé "òun ni", ibẹ̀ ló gé. Ó mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọkọ rẹ̀ tún gbogbo rẹ̀ tò. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń kọ orúkọ wọn, ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń ka nọ́ńbà jáde bí ẹni ń ka orúkọ ọmọ kíláàsì, wọ́n sì fún odindi náà ní orúkọ tí kò jọ ti ẹnì kankan. Ọkùnrin náà kò fi ìràwọ̀ sí i. Kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ò fi sí i.

"Ẹ ṣé," ó ní fún ọkọ rẹ̀. Eyín ló gba ọ̀rọ̀ náà kọjá.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, àwọn mẹ́ta péré ló jókòó ní pálọ̀. Bàbá gbọ́ ohùn ara rẹ̀, ó fajú ro.

"Ta ni bàbá tó ń pariwo bí ẹni tó jẹ ata yìí?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá."

"Èmi kọ́. N kì í pariwo."

Wọ́n gbọ́ ọ débi ọ̀lẹ, ọ̀lẹ sì jẹ́ "èmi fúnra mi". Ọkọ wúkọ́, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó wo bàbá ìyàwó rẹ̀, ó tún wúkọ́. Ìyàwó ń wo àjà. Bàbá ní lóòótọ́ ni, òun ya ọ̀lẹ nígbà náà, ìyá wọn ló fi ẹnu lé òun síṣẹ́. Ó sùn díẹ̀, ó jí, ohùn náà ṣì ń bọ̀. Nígbà tó pẹ́, wọ́n dé ìdí ègé kẹsàn-án. "Lọ́jọ́ tí àyà ń dùn mí, tí ọmọ mi ti gbé kọ́tìnì lọ fún àwọn oníbàárà, tí mo rò pé ó ti parí, ẹni tó gbé mi pọ̀n tó sáré dé títì ni ọkọ ọmọ mi obìnrin àgbà. Kò tiẹ̀ wọ bàtà."

Obìnrin náà mọ̀ nípa ọjọ́ náà. Wọ́n ti sọ fún un nígbà yẹn, ó sì ti dáhùn pé Ọlọ́run ló yọ bàbá òun pé ọkùnrin yẹn kò ní kí dókítà fi àyà náà lé òun lọ́wọ́. Ti bàtà yìí, kò gbọ́ ọ rí. Ó wo ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀, ó gbé ojú kúrò. Ọkọ rẹ̀ fa ẹsẹ̀ náà sábẹ́ àga. Wọ́n gbọ́ ìyókù títí dé òpin, níbi tí ohùn bàbá ti ní kí wọ́n pa nǹkan yẹn, ó ti rẹ òun.

Ká ní ọkùnrin náà mọ ẹnu ara rẹ̀ í pa mọ́ ni, ì bá jèrè ọjọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó ti padà sílé, ó sì ti sọ ọ́ yí àdúgbò ká pé òun mọ̀ọ́mọ̀ to ohùn bàbá lọ́nà méjì ni, nítorí òun ti rí i ṣáájú pé ìyàwó òun á ba ọ̀kan jẹ́. Àwọn kan gbà á gbọ́. Fáànù ṣì wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Oníbàárà kan wá gba kọ́tìnì, ọkùnrin náà fara ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó tún bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà láti orí, bí ìyàwó òun ṣe sáré wá bẹ òun, bí òun ṣe bu ohùn láti inú ohùn. Oníbàárà yíjú sí obìnrin náà, ó ní, "Ṣé lóòótọ́ ni, Màdáàmù?"

Obìnrin náà ṣa píìnì bíi mélòó kan sókè, ó kó wọn sí ẹnu, ó sì tẹ orí ba ìṣẹ́tí aṣọ tó ń ṣe.